Ọwọ́ Tí Kì Í Gbélẹ̀: Ìrírí Mi Nílé àti Níbi Iṣẹ́

Àwa kan wà tí a kì í gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ká gbójú fò ó. Bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí fáànù òkè orí wa bá ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ìwàásù ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Etí mi á máa wádìí bóyá bẹ́ríń ló gbẹ ni, tàbí nọ́ọ̀tì kan ló tú lára abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ṣe àlejò nílé ẹnìkan, tí ilẹ̀kùn fíríìjì wọn kò padé dáadáa, ibẹ̀ lojú mi máa ń wà títí n ó fi dìde. Ìwà ọ̀yájú kọ́ o. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, mo fẹ́ mọ ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́. Èyí tó bá sì daṣẹ́ sílẹ̀, oorun kì í kùn mí títí n ó fi mọ ohun tó ṣe é.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń mójú tó àwọn ẹ̀rọ wọn. Mo níyàwó, mo bímọ. Mo ti bá ọkàn yìí gbé pẹ́ débi tí mo fi lè sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kì í ṣe àrùn, n kò sì gbà pé ó yẹ kí òbí kankan máa gbàdúrà pé kó kúrò lára ọmọ òun. Ṣùgbọ́n ó ní gbèsè tó ń dá, ẹni tó sì máa ń san gbèsè náà kì í sábà jẹ́ ẹni tó ni ọkàn ọ̀hún. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́, ibẹ̀ ló ti wá.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àpótí Rediffusion kan wà lára ògiri pálọ̀ bàbá bàbá mi. Ó ti yadi tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Asọ̀rọ̀mágbèsì làwọn àgbà ń pè é, torí pé á máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì ní gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá àgbà ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n fi ṣeré. Mo tú u, ó sì yà mí lẹ́nu bí inú rẹ̀ ṣe ṣófo tó: kò sí ohun tí wọ́n fi ń wá ìkànnì nínú rẹ̀ rárá. Wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn wá láti ilé iṣẹ́ wọn tààrà sínú ilé oníbàárà, kálukú á kàn gbé ohùn sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé n kò rántí oúnjẹ. Nígbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ohun kan wà tó jẹ́ kí ayọ̀ yẹn mọ́ gaara: kò sẹ́ni tó ń retí kí àpótí náà tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn nǹkan inú ilé èmi àti ìyàwó mi ńkọ́? Ẹnìkan ń retí gbogbo wọn.

Olùkọ́ ni ìyàwó mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ ata, ó ti lọ aṣọ àwọn ọmọ, ó ti fa omi. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní irú ọwọ́ tí mo ní yìí, ilé kan náà ni wọ́n sì jọ dàgbà, nítorí náà kò bá mi jà, àdéhùn ló bá mi ṣe. Kò tíì pẹ́ tí a bí àkọ́bí wa tó sọ ọ́ fún mi: “Bàbá Tòbí, ohun tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ti gbogbo ilé ni. Èyí tó bá kú, tiyín ni.”

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ mí ẹ mọ̀ pé kò rọrùn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ló máa ń pè wá jù. Bùléńdà tó ń lọ ata kúnná, tó kàn ń pariwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Áyọ́ọ̀nù tó ń gbóná, ṣùgbọ́n tí iná pupa orí rẹ̀ kì í tàn mọ́. Ọkàn wa á sọ pé ká kàn yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ìṣẹ́jú náà kì í jẹ́ ìṣẹ́jú, torí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí o bá tú ìdérí, o ó rí èérí. Bí o bá nu èérí, o ó rí wáyà tó ti fẹ́ bó. Bí o bá fẹ́ pa wáyà dà, o ó rí i pé irú èyí tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ kò sí nílé.

Ẹ jẹ́ kí n fi fáànù ṣàlàyé, torí òun ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi jù ládùúgbò. Bí fáànù àjà bá ń yí wọ́ọ́wọ́ọ́, tàbí tó jẹ́ pé àfi kí èèyàn fi igi tì í kó tó bẹ̀rẹ̀, kápásítọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń rẹ̀. Ohun kékeré tó ń gba iná pa mọ́ láti fi ran fáànù lọ́wọ́ ni, kò wọ́n, wọ́n sì kọ agbára rẹ̀ sí i lára. Lára fáànù àjà tiwa níhìn-ín, 2.5 tàbí 3.5 microfarad ni èmi máa ń bá níbẹ̀ jù. Èèyàn á pa iná láti orí mítà, á yọ ti àtijọ́, á fi tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu rọ́pò, atẹ́gùn á sì dé. Ibẹ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ parí sí. Ṣùgbọ́n ọkàn tí kì í sinmi á ní níwọ̀n ìgbà tí o ti gun àga dé òkè, kí ló dé tí o ò wo bẹ́ríń náà? Kí ló dé tí o ò tú kóìlì rẹ̀ wò bóyá ó ti ń dúdú? Bẹ́ẹ̀ ooru ń mú, àwọn ọmọ fẹ́ sùn. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni pé: kí ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi? Atẹ́gùn ni. Wọn ò béèrè fáànù tó pé pérépéré. Bí atẹ́gùn bá ti dé, mo sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ríń dọjọ́ Sátidé, tí ìyàwó mi bá gbà.

Mo ní tábìlì kan ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ páánù. Ohun kan ṣoṣo ló lè wà ní títú lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá fẹ́ tú òmíràn, àfi kí n dí ti àkọ́kọ́ padà, ì báà má tíì ṣiṣẹ́. Òfin yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo òfin tí mo ní, òun náà ló sì wúlò jù. Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù onírédíò rí mọ bó ṣe máa ń rí: òkìtì àpótí tó la ẹnu sílẹ̀, tí ìṣó wọn ti pò mọ́ra wọn, tí olówó wọn ti wá wọn wá títí ó fi sú u. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá yẹn, ọwọ́ wọn dá ṣáṣá. Ohun tuntun tó ń wọlé ló ń fa ọkàn wọn kúrò lára èyí tó wà nílẹ̀.

Níbi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá yé mi jinlẹ̀.

Ẹni tí kò wọ ilé iṣẹ́ píọ́ wọ́tà rí lè rò pé omi ni wàhálà ibẹ̀. Omi ní tirẹ̀ kò nira púpọ̀. A ń fà á láti inú kànga, ó ń gba inú iyanrìn àti èédú kọjá, ó ń gba inú àwọn asẹ́ tó wẹ́, ó sì ń kọjá níwájú iná UV tó ń pa kòkòrò. Ọ̀rá ni iṣẹ́. Ẹ̀rọ á fa ọ̀rá wálẹ̀ láti ara rọ́ọ̀lù, á ká a po, á fi irin gbígbóná lẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, á lẹ ìdí rẹ̀, á da omi 50cl sí i, á lẹ orí rẹ̀, á sì gé e bọ́ sílẹ̀. Láàárín irin àti ọ̀rá, aṣọ Teflon pẹlẹbẹ kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ irin. Ojú ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tó ń wo àmì dúdú ara ọ̀rá, kí ó lè mọ ibi tó yẹ kó gé. Bí eruku bá bo ojú yẹn, àárín orúkọ ilé iṣẹ́ ló máa gé. Àwọn obìnrin ló ń dì í, 20 nínú àpò kan, iye àpò tí oníkálukú bá dì ni wọ́n sì ń ṣírò owó rẹ̀ lé lórí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, èyí tó dàgbà jù lára wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ṣukúrà, wá bá mi níbi tí mo ti ń wo ẹ̀rọ yí ká. Ó kí mi dáadáa. Ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ tú ẹ̀rọ yìí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ká lè wá nǹkan mìíràn ṣe. Bí ẹ̀rọ bá dúró, owó oṣù tiyín ò ní dúró.”

N kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dára ju ìyẹn lọ. Gbogbo ohun tó bá ń wù mí láti dán wò nínú ẹ̀rọ yẹn, láti àpò àwọn obìnrin yẹn ni owó rẹ̀ á ti jáde. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ nǹkan tó tó fi yẹ kí ìyá kan lọ sílé láìsí owó gààrí.

Ìṣòro tí mo bá níbẹ̀ ni pé bó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ á yí ìgbóná sókè. Láìpẹ́, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á máa lẹ̀ mọ́ Teflon, ẹlòmíràn á wá yí i sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń fọwọ́ yí nǹkan kan. Ọkàn tèmi náà ti to iṣẹ́ sílẹ̀: kí n pààrọ̀ Teflon, kí n pààrọ̀ sípíríǹgì, kí n tún irin náà tò, kí n ra èyí tó ń gbóná tuntun, kí n sì ṣe gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìdánwò wa nìyẹn. Ọkàn tí kì í sinmi lè rí ìdí mẹ́wàá fún ìṣòro kan kó tó di pé ẹlòmíràn rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí o bá yí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pa dà lẹ́ẹ̀kan náà, tí jíjò sì dáwọ́ dúró, kò sí ohun kankan tí o mọ̀. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lo tún wà.

Mo ra ìwé kan, mo fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má yí ohunkóhun láìkọ ọ́ síbẹ̀: aago mélòó, iná tó ń wọlé jẹ́ fóòtì mélòó, ìgbóná wà lórí mélòó, mélòó ló jò. Èmi náà ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ká wo ohun tó ń dunni ká má fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ tó le jù tí mo ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí ìwé náà fi sọ̀rọ̀. Ìgbàkígbà tí ọ̀rá bá jò, iná ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 180 fóòtì. Ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo àdúgbò máa ń dé sílé, tí oníkálukú á tan fíríìsà, á tan fáànù, á fi pọ́ọ̀ǹpù fa omi, orí tiransifọ́mà kan náà sì ni gbogbo wa wà. Ẹ wá wo ìṣirò rẹ̀. Bí fóòtì bá dín kù, agbára irin tó ń gbóná kì í dín kù ní ìwọ̀n kan náà, ó ń yára dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé fóòtì lọ́nà fóòtì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Irin tí wọ́n ṣe fún 230 fóòtì, bó bá rí 180, nǹkan bí ìdá 61 nínú 100 agbára rẹ̀ ló kù. Ẹ̀rọ ń sáré bó ṣe ń sáré láàárọ̀, irin ò sì lágbára láti gbóná pa dà kí ọ̀rá tó ń bọ̀ tó dé. Ìdí tó fi ń jò nìyẹn. Bí iná bá sì gbé sókè lójijì, ìgbóná tí wọ́n ti yí sókè á wá jó ọ̀rá.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Alhaja tó ni ilé iṣẹ́. Wọ́n kà á fúnra wọn, wọ́n sì ra sitabiláísà tó tóbi tó. Títí ó fi dé, a ń dín eré ẹ̀rọ kù ní ìrọ̀lẹ́. Ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro kankan. Bí a bá ti tú u palẹ̀, ọjọ́ kan gbáko ni ì bá lọ, àwọn tó ń dì í ni ì bá sì san án.

Alhaja tún ṣe oore kan fún mi tí n kò lè gbàgbé. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé tó ti dípẹtà. Wọ́n ní kí n máa fi ṣe ohun tó bá wù mí lẹ́yìn iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ojú tó ń wo àmì yẹn ṣe, dípò kí a máa ra tuntun. Bí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ tọ́wọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀, ẹ má kàn kìlọ̀ fún un, ẹ wá ohun tó ti kú fún un. Àǹfààní ẹ ó rí níbẹ̀.

Ẹni tí mo máa ń ronú kàn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ti Yunifásítì Èkó, tí wọ́n ń pè ní Dead Easy. 1937 ni wọ́n bí wọn, 1984 ni wọ́n kú, ẹni ọdún 47 péré. Ìmọ̀ bí nǹkan líle ṣe ń gbọ̀n ni wọ́n fi gba oyè ńlá ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ nìkan ò tó wọn. Ní ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún kò sì rọrùn láti wà mọ́. Awójọbí mú Opel tí ìdílé wọn ń lò, wọ́n gbé ìdarí rẹ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Wọ́n tún mú ọkọ̀ jíìpù irú ti ológun kan, wọ́n fi ìdarí kejì sí i tó kọjú sẹ́yìn, ọkọ̀ náà sì lè lo jíà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó bá ń lọ síwájú tàbí bó bá ń lọ sẹ́yìn. Autonov 1 ni wọ́n pè é.

Àwọn èèyàn máa ń yìn wọ́n fún làákàyè. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi rí kọ́ lára wọn ni pé iṣẹ́ méjèèjì parí. Ọkọ̀ ilé di ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì tuntun. Èyí tí wọ́n fi dán àrà wò, ọ̀tọ̀ ni. Ó máa ń wú mi lórí tí mo bá rántí pé ọmọ Yorùbá kan ní irú ọkàn yìí, tó sì lò ó dé góńgó láàárín ọdún tí kò pọ̀.

Tòbí, ọmọ mi obìnrin, ti jogún ọwọ́ náà. Bèbí tó ń sunkún tí wọ́n rà fún un, kò jẹ́ kó sunkún dọjọ́ kejì kó tó wo ikùn rẹ̀. Inú mi dùn sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí, mo sì ti pín nǹkan ilé sọ́nà méjì fún un. Tọ́ọ̀ṣì, rédíò olókùúta bátìrì, aago ara ògiri: kó tú wọn bó ṣe wù ú, kó máa to ìṣó sínú agolo mílíìkì, kó sì ya fọ́tò kó tó yọ wáyà kankan. Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn títí á fi dàgbà. Máíkírówéèfù wà lára wọn: kápásítọ̀ inú rẹ̀ ń gba nǹkan bíi 2,000 fóòtì, iná náà sì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ okùn iná rẹ̀ lára ògiri. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó lẹ́yìn gbàǹgbà náà rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì fóònù tó ti wú, kò sí ìdí láti gún un tàbí tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà tó ní irú ọwọ́ tiwa náà nílò ìkìlọ̀ yìí, pàápàá nídìí jẹnẹrétọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tó bá kọ̀ láti dúró dáadáa, ó máa ń wuni ká wọ́ ọ wọ kọ́rídọ̀ ká máa ṣe é níbẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, kò sì láwọ̀, ó ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹ jẹ́ kí òkùnkùn kùn. Ẹ jẹ́ kó di òwúrọ̀.

Ohun tó kù tó ṣì ń gba agbára lọ́wọ́ mi ni òru, àti àkókò tí ènìyàn bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi lè máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ fún mi, kó sì dákẹ́ lójijì. Á ní, “Ojú yín wà níbí o, ẹ̀yin ò sí níbí.” Òótọ́ ni. Mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kan lọ́kàn mi. Ní báyìí ìwé kékeré kan wà lápò mi, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí èrò bá wá, mo ní kí ìyàwó mi jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ ọ́, mo sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Èrò tí mo bá ti kọ sílẹ̀ kì í jà mọ́, torí ó mọ̀ pé n kò ní gbàgbé òun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mo tún un kà, mo máa ń rí i pé kò yẹ kí n ṣe wọ́n rárá.

Èyí tó wà lórí tábìlì báyìí ni ti omi ilé wa. Mo fẹ́ kí pọ́ọ̀ǹpù máa tan ara rẹ̀ bí omi táǹkì bá lọ sílẹ̀, kó sì máa pa ara rẹ̀ bó bá kún, kí omi má baà máa ya sílẹ̀ nígbà tí kò bá sẹ́ni nílé. Súwíìṣì kan tó ń léfòó lórí omi ló ń ṣe é, àmọ́ iná tí pọ́ọ̀ǹpù ń fà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀ jù fún súwíìṣì kékeré bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo ń fi kọ́ńtákítọ̀ kan, ìyẹn súwíìṣì ńlá tí súwíìṣì kékeré ń darí, sáàárín wọn láti gba ẹrù náà. Mo ti fi han ìyàwó mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi mí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tí n kò sí nílé. Mo dáhùn. Ó ní òun gbà, kí n ṣe é lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n súwíìṣì àtijọ́ tó wà lára ògiri kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Mo ti ra wáyà tí mo máa fi so méjèèjì pọ̀.